Ẹ Bi Bọ̀dá Ọ̀tìgbà: Ọjà àwọn oníṣíìpù wó, ṣé ká rà á?

*Bọ̀dá Ọ̀tìgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àjọ máa kàn mí ní oṣù Kejìlá, 1,500,000 náírà. Mo ti ní in lọ́kàn láti fi kún owó ilẹ̀ kan tí mo rí ní ọ̀nà Ìwó, ṣùgbọ́n àkọ́bí mi tó wà ní Manchester ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ kan wà l'Ámẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà, pé ìgbà tí ọjà wọn bá wó gan-an ló yẹ kéèyàn ra ṣíà wọn, torí pé ó máa ń padà gbéra. Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù, ó rí gbágungbàgun bí òkè Ìdànrè. Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà. Owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà nílẹ̀ tí mo máa san ní oṣù Kẹsàn-án. Ṣé kí n gbọ́ ti ọmọ mi?* (Ìyá aláṣọ, Gbági)

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ọmọ yín ò parọ́. Òkè ló fi hàn yín, kò kàn sọ iye ọdún tó wà láàárín òkè kan sí èkejì ni. Ẹ̀yin sì ni oṣù Kẹsàn-án ń dúró dè, kì í ṣe òun.

Ẹ̀rọ tó ń sọ yẹn, graphics card là ń pè é ní Ọ̀tìgbà, níbi tí mo ti ta ohun èlò kọ̀ǹpútà láti 1999 títí di 2016. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, ó lè gùn tó apá ọmọdé, fáànù wà lórí rẹ̀, abẹ́ fáànù yẹn ni ṣíìpù, tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, fara pamọ́ sí, kò sì tóbi ju bisikíìtì kan lọ. Nítorí géèmù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé ohun tó lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà kò yẹ kó mọ sórí géèmù: àwọn kan fi ń wa kirípítò, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n, irú èyí tẹ́ ẹ máa bi ní ìbéèrè tó máa dá yín lóhùn bí èèyàn. Nvidia àti AMD ló ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti aṣọ. Nvidia àti AMD kì í fọwọ́ ara wọn ṣe ṣíìpù. Wọ́n á ya iṣẹ́ ọnà rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TSMC ní Taiwan, ìyẹn ló máa bá wọn ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí téèyàn bá fi àpẹẹrẹ aṣọ ẹbí ránṣẹ́ kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ wá. Ẹ ti kówó sílẹ̀ lónìí, aṣọ ò ní dé títí di oṣù mélòó kan sí i. Tí àríyá bá wá yẹ̀ ńkọ́? Tàbí tí àwọn oníyàwó bá ní àwọ̀ mìíràn làwọn ń fẹ́? Ọkọ̀ ẹrù ti wà lójú ọ̀nà, kò ṣeé dá padà. Bí ọjà àwọn oníṣíìpù ṣe máa ń wó nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ wọn bàjẹ́. Ọjà ló sùn.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún kan mo kó káàdì mẹ́rìnlá wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí pé mẹ́ta tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò kàn wá, èmi ni mo rà jù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, tuntun jáde, owó tèmi já sí ìdajì. Mo ta mẹ́fà lówó tí mo rà á, mo ta mẹ́rin ní àtàpàdánù, mo fún ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́yọ kan nígbà tó gba òmìnira. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù ló wà lórí tábìlì níbí báyìí, òun ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yín mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fojú aláṣọ wo Nvidia ní 2022. Nígbà kòrónà, aráyé jókòó sílé, géèmù ń yá, àwọn tó ń wa kirípítò náà sì ń kó káàdì lọ bí ẹni kó iyanrìn. Ilé iṣẹ́ náà pàṣẹ ọjà rẹpẹtẹ. Kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ dẹwọ́. Wọ́n ti sọ fún àwọn tó ní ṣíà pé bílíọ̀nù 8.1 dọ́là ló máa wọlé láàárín oṣù mẹ́ta kan; bílíọ̀nù 6.7 ló wọlé. Ẹ̀ka géèmù nìkan fi 33 nínú ọgọ́rùn-ún relẹ̀ sí ti ọdún tó ṣáájú. Ọjà tó wà nílé ìkẹ́rùsí wọn nígbà tí oṣù Keje parí tó bílíọ̀nù 3.9 dọ́là, bẹ́ẹ̀ bíi 2.1 ni lọ́dún kan sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ọjà ń pọ̀ nílé, títà ń dín kù. Wọ́n ka ohun tó lé ní bílíọ̀nù 1.3 sí àdánù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjà tó sùn yẹn. Nígbà tó di 15 oṣù Kẹsàn-án, Ethereum, kirípítò tí wọ́n ń fi káàdì wọ̀nyí wà jù, yí ètò rẹ̀ padà, iṣẹ́ káàdì níbẹ̀ sì parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣíà tó ti lé ní 330 dọ́là ní oṣù Kọkànlá 2021 di bíi 112 ní àárín oṣù Kẹwàá 2022.

Òun gan-an ni àfonífojì tí ọmọ yín fi ìka tọ́ sí lórí fóònù. Lóòótọ́, ẹni tó rà níbẹ̀ ti dolówó. ChatGPT, irú ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn bí èèyàn yẹn, jáde ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, gbogbo ilé iṣẹ́ ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í du ṣíìpù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá, ta ló mọ̀? Ohun tó hàn sí ẹni tó bá ka ìwé wọn nígbà yẹn ni pé bílíọ̀nù 17 dọ́là wà lọ́wọ́ wọn, gbèsè bíi bílíọ̀nù 11 sì wà lọ́rùn wọn. Aláṣọ tí aṣọ mẹ́rin sùn sí lọ́wọ́, tí mẹ́tàdínlógún sì wà lápò rẹ̀, ọjà burúkú kan ò lè lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ṣeé rí nìyẹn. Èyí tó kù, oríire ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní bẹ́ẹ̀ lápò. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀tìgbà, 3dfx lorúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo ọmọ géèmù. Voodoo ni káàdì wọn ń jẹ́, ó jáde ní 1996, kò sẹ́ni tó tó wọn bẹ́ẹ̀. Ní ìparí 1998 wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ ra STB, ilé iṣẹ́ tó ń to káàdì. Láti ìgbà náà wọn ò ta ṣíìpù fún àwọn tó ń to káàdì mìíràn mọ́, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn la ó máa tò ó, la ó máa tà á. Ẹ rò ó wò: gbogbo àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín lọ tún tà ní Ọ̀yọ́, ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, ẹ ní ẹ ò tà fún wọn mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e kiri. Ibo ni wọ́n máa lọ? Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí yín. Nvidia ni ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ní oṣù Kejìlá 2000, Nvidia kéde pé òun fẹ́ ra ohun tó kù nínú 3dfx, nígbà tó sì di 2002 wọ́n ti wà nílé ẹjọ́ àwọn tó jẹ gbèsè. Owó pọ́ọ́kú ni ṣíà 3dfx nígbà tó já wálẹ̀. Ó ń já lọ títí tó fi di òfo.

AMD náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Wọ́n ra ATI, àwọn oníkáàdì ará Kánádà, ní 2006 ní bíi bílíọ̀nù 5.4 dọ́là, ẹrù náà sì wúwo ju ẹ̀yìn wọn lọ. Nígbà tó di 2013 wọ́n ta ilé iṣẹ́ ara wọn ní Austin ní mílíọ̀nù 164 dọ́là, wọ́n di ayálégbé nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Ọdún yẹn náà ni PlayStation 4 àti Xbox One jáde, ṣíìpù AMD ló wà nínú méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Lisa Su gba àkóso ní oṣù Kẹwàá 2014. Ní àárín 2015 ṣíà wọn kò tó dọ́là méjì, ẹnì kan ò fẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí 2021 máa fi parí ó ti lé ní 140. Àti 3dfx àti AMD, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n já sí. Iye tí wọ́n ń tà á kò sọ èyí tó máa kú fún ẹnikẹ́ni.

Ti ọdún tí mo ní kò fi hàn yín ńkọ́? Ẹni tó ra ṣíà Nvidia ní oṣù Kẹwàá 2007 rà á ní bíi dọ́là 39. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2008, kò tó dọ́là mẹ́fà. Ìgbà wo ló padà dé 39? 2016. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó rà á ti ń kàwé ní kíláàsì kẹta nígbà yẹn.

Èmi náà fi ojú ara mi rí 2008, níbí yìí nílé. Mo fi owó àyálégbé ṣọ́ọ̀bù ra ṣíà báǹkì kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹta ni ọjà Nàìjíríà ga jù, òṣùwọ̀n ọjà náà lé ní 66,000. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti já sí bíi 20,000. Landlọ́ọ̀dù mi kò bá mi sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Tìkòkòtìkòkò ni mo kó ẹrù mi lọ sí àjà kejì, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí oníbàárà kì í gòkè dé.

Nítorí náà, Ìyá wa, kọ́bọ̀ kan nínú owó Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sápá kan kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú èyí tó kù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí inú ọmọ dùn, ẹ fi 150,000 sílẹ̀ fún un, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó tó jẹ́ pé tó bá di ìdajì, ẹ ò ní torí ẹ̀ yá owó ọjà. Kó má fi gbogbo rẹ̀ ra ilé iṣẹ́ kan. Àkójọ kan wà tó ń jẹ́ SOXX, ọgbọ̀n ilé iṣẹ́ ṣíìpù ló wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú bíi 3dfx, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣì kù. Ẹ tún rántí pé dọ́là ni. Ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan tó jẹ́ bíi 470 náírà ní báǹkì lé ní 700 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ ò tilẹ̀ gbéra rí èrè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra dọ́là ni kó wá bi mí bó ṣe rí lára.

Kí ọmọ yín tó ra ohunkóhun, ẹ ní kó ṣí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ náà, kó wá ibi tí wọ́n kọ "Inventories" sí, kó ka ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá fún yín, kó wá ka iye tí wọ́n tà. Ọjà tó pọ̀ nílé nígbà tí títà náà ń pọ̀ kì í ṣe àrùn. Tí ọjà bá ń pọ̀, tí títà ń dín kù, ẹ bi í pé èló ló wà lápò wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún ka igàn aṣọ ní Gbági, ẹ máa lóye rẹ̀ jù ú lọ. Ti ilẹ̀ ọ̀nà Ìwó, ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta ni mo wà, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Mo lè máa yọ 100 dọ́là sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Ṣé kí n tọ́jú ẹ̀ dìgbà tí ọjà oníṣíìpù bá wó tán pátápátá, kí n wá rà á lẹ́ẹ̀kan? Ṣé Amẹ́ríkà máa gba owó orí lọ́wọ́ mi?* (Ọmọ Ẹ̀gbá)

Àbúrò mi, "wó tán" yẹn ni mi ò tíì rí ẹni tó dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Èmi gbìyànjú ẹ̀. Àna mi ní Houston bá mi ra ṣíà Nvidia méje ní 2017. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2018, kirípítò ti kú, ọjà tún sùn, ṣíà náà fi bíi 19 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo fara dà á. Ní oṣù Kejìlá ó tún já. Mo ní kó bá mi tà á, kí n lè tún un rà tó bá wó tán. Ọ̀sẹ̀ tí mo tà á gan-an ló wó tán. Mi ò tún un rà. Wọ́n pín ṣíà kan sí mẹ́rin ní 2021, wọ́n tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá ní 2024, ó jẹ́ pé méje mi ì bá ti di 280 báyìí. Ìyàwó mi mọ iye yẹn lórí, ó máa ń kà á nígbà tí owó ọbẹ̀ bá dín.

Ọjà yìí kì í tilẹ̀ dúró de ìwólulẹ̀ gidi kó tó fò. Ní 27 oṣù Kìíní 2025, wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ DeepSeek ti ṣe irú ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yẹn ní owó táṣẹ́rẹ́, Nvidia sì pàdánù ohun tó súnmọ́ bílíọ̀nù 600 dọ́là nínú iye rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, iye rẹ̀ ti kan tírílíọ̀nù mẹ́rin. Ìwọ tó ń gbowó lóṣooṣù, máa fi díẹ̀díẹ̀ rà á lóṣooṣù. Oṣù tó bá wọ́n, wàá rí díẹ̀. Oṣù tó bá já, wàá rí púpọ̀, láìjẹ́ pé o kọ́ ifá. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni oṣù tó bá já náà, torí ìgbà yẹn ni ọwọ́ máa ń gbọ̀n. Tó o bá mọ̀ pé ọwọ́ tìẹ máa gbọ̀n bíi tèmi, àádọ́ta dọ́là ni kó o máa fi sí i.

Má sì gba ẹnu ilé iṣẹ́ gbọ́ tán. Ní 2022, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà l'Ámẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5.5 dọ́là lé Nvidia, nítorí pé nígbà tí géèmù ń mówó wọlé gan-an ní nǹkan bíi ọdún márùn-ún ṣáájú, wọn ò ṣàlàyé bó ṣe yẹ fún àwọn oníṣíà pé àwọn tó ń wa kirípítò ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú ẹ̀. Tó o bá rí i tí ọjà ilé iṣẹ́ kan ń yá ju bó ṣe yẹ lọ, bi ara rẹ pé ta ló ń rà á, àti kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ti owó orí, wọ́n máa ní kó o kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ W-8BEN, kí wọ́n lè mọ̀ pé o kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Nínú owó èrè tí ilé iṣẹ́ bá pín, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń yọ fún àwa ará Nàìjíríà. Ti Nvidia tí mo mọ̀, sẹ́ǹtì kan ṣoṣo lórí ṣíà kan ni wọ́n ń pín lóṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n pín ṣíà ní 2024, nítorí náà ìyẹn ò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Èyí tẹ́nikẹ́ni kì í sọ fún yín ni ti ogún. Tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì gbé ibẹ̀, bá kú, tí ṣíà ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní bá ju 60,000 dọ́là lọ, ìjọba wọn máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ pín in. Ó ṣì jìnnà sí ìwọ tó ń fi 100 dọ́là sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún ẹnì kan nílé pé ó wà, kó o sì kọ orúkọ ibi tó wà sílẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tó jẹ́ pé inú fóònù olóògbé ni gbogbo rẹ̀ wà, wọn ò sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i.

*Bọ̀dá, ẹnì kan fẹ́ ta káàdì mẹ́wàá tí wọ́n fi wa kirípítò fún mi ní ẹdínwó. Èmi kì í ra ṣíà, ọjà ojúkorojú ni mo mọ̀. Ṣé kí n kó o?* (Alága, Agége)

Alága, èmi náà gba tiyín. Káàdì tí wọ́n fi wa kirípítò kì í ṣe òkú. Ó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni, fáànù rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ìka yí fáànù kọ̀ọ̀kan: tó bá ń dún gbẹrẹgbẹrẹ tàbí tó ń mì, ẹ yọ owó fáànù tuntun kúrò nínú iye tó pè é. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ máa mọ èyí tó ti jóná rí. Ẹ má kó mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ mú méjì, kẹ́ ẹ tà á ná. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tiyín lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí géèmù kan ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí lójú yín. Tó bá ní iná ò sí, pé kẹ́ ẹ máa gbé e lọ kẹ́ ẹ lọ dán an wò nílé, ẹ ní ẹ ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ mọ́tò padà s'Ágége.